Àga Firmin ní Crêt-Noir

Ní Crêt-Noir, abúlé wa lórí òkè, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń jókòó sídìí tábìlì Anselme. Àga méje ló yí i ká, igi páìnì ni wọ́n fi kan wọ́n, àwọn méje ló sì ń jókòó sórí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé Àjíǹde, nígbà tí yìnyín bá ń yọ́ tí olú sì ń yọrí lábẹ́ àwọn igi. Olú yìí kì í ṣe olú ọjà. Ìjọba ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù lè ṣàì rí ojúmọ́ ọ̀la. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè wa, ẹ bá mi wò wọ́n! Ẹ sọ fún wọn pé nǹkan ń pa ènìyàn, wọn á ní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sè ló ń pa. Orí olú náà ká kòlòkòlò bí ọpọlọ màlúù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọlọ́pọlọ. Wọn á sá a gbẹ, wọn á bọ̀ ọ́, wọn á da omi rẹ̀ nù, wọn á tún bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá fi ọ̀rá wàrà àti àlùbọ́sà sè é. Òórùn rẹ̀ á gba abúlé kan, àwọn ajá á sì máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà Anselme.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọ ẹgbẹ́ àwọn méje náà. Wọ́n á bu àwo kan kún fún ẹni tuntun lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á sì máa wò ó. Bí kò bá bì títí di ìgbà tí wọ́n ń fún wàrà màlúù nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbà á nìyẹn, àga di tirẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Bó bá bì, ó parí. Wọn á fún un lómi mu, wọn á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí tí yóò fi darúgbó.

Zélie bì. Ọdún tí Firmin gbé e níyàwó láti ìlú ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò sì tíì jẹ ìdajì àwo tó fi sáré dìde, tó lọ bì sórí bàtà Anselme. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé, ó ti bímọ síbẹ̀, ó ti sìnkú síbẹ̀, síbẹ̀ ‘ìyàwó oníkùn jẹ́jẹ́’ ni wọ́n ń pè é. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o, ó ń dùn ún. Lọ́dọọdún, tí Firmin bá wọ aṣọ tó dára tó ń lọ, Zélie á jókòó nílé, á máa họ ọ̀dùnkún, bíi pé òun ló ṣẹ ẹnìkan.

Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń sọ nípa àwọn àga yẹn, wọn kì í sì í sọ ọ́ sókè. Wọ́n ní àwọn tó ti kú nínú ẹgbẹ́ ní tábìlì tiwọn nínú igbó páìnì lókè abúlé. Bí àga kan bá ṣófo nísàlẹ̀ níbí nígbà tí olú bá hù, òkú á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí rẹ̀, òkú kì í sì í dá padà lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ti kú báyìí, kíá ni wọ́n ń wá ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Nígbà tí Basile tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín lójú ọ̀nà kú, Gontran ni wọ́n fi dí i. Ẹsẹ̀ ni àìsàn tó pa Basile ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wọ́ ọ, lẹ́yìn náà kò lè gbé e mọ́, lẹ́yìn náà kò lè mí. Nígbà tí Léonie tó ń pín lẹ́tà kú, ọmọ arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n fi dí i. Ọwọ́ ni ti Léonie. Lẹ́tà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti mú un, á tún bọ́.

Ahọ́n ni ti Firmin. Òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn àlejò gun òkè yìnyín ṣe, ọkùnrin tó lè kígbe láti orí òpó kan kí wọ́n gbọ́ ọ lórí òpó kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Wọ́n ní ó ti mutí. Kò mu nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di ìgbà yìnyín, kò lè gbé omi mì láìwúkọ́ mọ́, apá rẹ̀ sì ti ń rọ̀ bí aṣọ tí a sá. Ìyẹn nìkan kọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ibi ìsìnkú Léonie ló ti bẹ̀rẹ̀: àlùfáà ń da omi sára pósí, Firmin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbọnrangbọnran, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, kò dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin fi àmì àgbélébùú ya ara wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ kálẹ̀ ni pé kì í ṣe òun ló ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnìkan ló ń fi ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Zélie kò gba ìyẹn gbọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín yẹn bá bẹ̀rẹ̀ nílé, ó máa ń tan iná yàrá.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Nadège ní ìlú ìsàlẹ̀. Dókítà ti mọ orúkọ àrùn náà kó tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ó ní àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹran ara ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé ẹ̀rín náà jẹ́ ara àrùn, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Zélie ní òun ti mọ̀. Ó ti rí méjì rí.

“Mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan díẹ̀,” ni Dókítà wí. “Ṣé ó ń mu sìgá?”

“Ó mu ún nígbà èwe. Ó ti jáwọ́.”

“Ó ṣe sójà?”

“Bíi gbogbo wọn nígbà yẹn. Kò yìnbọn pa ehoro.”

“Ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù? Ó fi orí gbá nǹkan gidi rí?”

“Dókítà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lókè, irin wo ni kò tíì forí gbá?”

“Òjé? Ọ̀dà? Oògùn apakòkòrò?”

“Gírísì nìkan.”

“Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ tó ní irú ẹ̀ rí?”

“Kò sí. Aládùúgbò wa méjì ló ní in.”

Ọwọ́ Dókítà dúró lórí ìwé tó ń kọ. “Méjì? Báwo ni abúlé yín ṣe tóbi tó?”

“Tí ẹ bá ka ewúrẹ́ mọ́ wa, a lè pé igba.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, bóyá ẹnìkan tàbí méjì ni àrùn yìí ń mú lọ́dún kan. Ó ní àwọn nǹkan tí òun ń béèrè yìí, wọ́n kàn jẹ́ àwọn ohun tí àwọn oníṣègùn ti rí nítòsí àrùn náà ni, bí ènìyàn ṣe ń rí ẹṣin nítòsí ẹni tó ṣubú. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ló gbé e ṣubú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣe?”

Zélie ronú. Basile ń mu sìgá bí ilé tó ń jó, Léonie kò fi ẹnu kan án rí. Basile ṣe sójà, Léonie kò bá ẹnikẹ́ni jagun àfi ajá ojú ọ̀nà. Omi orísun kan náà ni gbogbo abúlé ń mu. Atẹ́gùn kan náà ni wọ́n ń mí.

“Ó dáa,” ni Dókítà wí. “Kí ni ọkọ yín ń jẹ tí ẹ̀yin kì í jẹ?”

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń bá Firmin jẹ nínú ìkòkò kan náà, ọ̀dùnkún kan náà, wàràkàṣì kan náà, àfi ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

“Olú,” ló wí.

Nígbà tó júwe rẹ̀ tán, Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. “Mo ti gbọ́ nípa olú yẹn. Ìfura ni o, kì í ṣe ìdájọ́. Májèlé wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í lé tán. Ara ẹlòmíràn máa ń tètè lé e jáde, ara ẹlòmíràn máa ń lọ́ra, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bí i mọ́ ọn. A ò mọ ohun tó lè máa ṣe lábẹ́lẹ̀ fún ogún ọdún.”

“Àwọn tí kò bì ńkọ́? Àwọn tí ara wọn gbà á?”

“Àìbì kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, màdáámù. Bóyá òun ni. Bóyá òun kọ́. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́, ẹ ní kó má jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Zélie gbé gun òkè padà, ó wúwo ju Firmin lọ, nítorí ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ wà nílé. Odile ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àlejò bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín. Firmin kò lè gbé olú mì mọ́, àga rẹ̀ á ṣófo. Àga sì máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀.

Odile ń ya irun bàbá rẹ̀ nígbà tí Zélie sọ ọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Mọ́mì, ẹ̀yin àti olú yìí.”

“Kì í ṣe èmi, dókítà ló wí.”

“Ó ní bóyá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ó ní bóyá. Ìyá Àgbà Séraphie ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ ìlédìí, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin, wọ́n ṣì ń la igi. Ṣé wọn kì í ṣe ènìyàn ni?”

“Ara ò dọ́gba.”

“Ehn, ara tèmi náà ò dọ́gba pẹ̀lú tiyín. Mi ò ní bì. Ta ló sọ fún yín pé màá bì?”

“Ṣé bíbì ni mo ń sọ?” Ohùn Zélie ti lọ sókè. “Ẹ̀rù pé o ò ní bì ló ń bà mí!”

Firmin ṣí ẹnu. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. “À… ga… mi,” ló wí. Ó wo ọmọ rẹ̀. “O… dile.” Bí ẹ̀rín náà ṣe gbà á nìyẹn, ó ń mì ún bí ẹni pé wọ́n di ejìká rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Odile gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà títí tó fi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ewúrẹ́ kan já okùn, Zélie sì tẹ̀ lé e wọ inú igbó páìnì. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn, atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Ó ń pe ewúrẹ́ náà nígbà tó gbọ́ ìró àwo.

Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Ojú ló kọ́kọ́ tì í, bí ẹni tó já wọ ilé onílé nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Fọ́ọ̀kì ń kan àwo, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwo púpọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé yìnyín ni, pé yìnyín tó dì mọ́ ẹ̀ka ló ń já bọ́ sórí àpáta, gbogbo wa la ti gbọ́ irú ẹ̀ rí nígbà tí ilẹ̀ bá ń móoru. Ó dúró. Ìró náà dúró. Ó gbé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ padà.

Níwájú rẹ̀, lábẹ́ igi ńlá kan, yìnyín ti yọ́ ní àwọn ojú ibi róbótó róbótó, wọ́n tò yíká bí ìgbà tí àwọn ènìyàn ti jókòó pẹ́ níbẹ̀. Olú kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣófo, ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ni. Zélie bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ó gbóná. Ó sì ní fífẹ̀ tó ìdí ọkùnrin kan. Ó fi ewúrẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sá.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó dẹ́rù ba òun jù ni pé olú náà ń ta sánsán, òun kò sì tíì sè é.

Lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, Anselme àti Ìyá Àgbà Séraphie wá sílé. Anselme ló ń ṣe wàràkàṣì fún gbogbo wa, ọkùnrin fàkìàfakia, ohùn rẹ̀ kún ilé. Séraphie, tó dàgbà jù nínú àwọn méje, rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Wọ́n jókòó, wọ́n mu ọtí ewé òkè, wọ́n kí Firmin bíi pé òun ló pè wọ́n.

“Ìyàwó wa,” ni Séraphie wí, “a wá mú ọmọ wa.”

“Kò ní wá, Ìyá Àgbà.”

“Àga ò gbọdọ̀ ṣófo.”

Zélie kó gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà kalẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó pe Basile lórúkọ, ó pe Léonie lórúkọ. Anselme fi ọwọ́ gbá orúnkún.

“Dókítà! Ìyẹn dókítà ìsàlẹ̀ tó ń jẹ ewé tútù nínú ike! Kí ló mọ̀ nípa oúnjẹ?”

“Tó bá jẹ́ olú ló ń pa wá,” ni Séraphie wí, “èmi ni ìbá kọ́kọ́ kú. Mo kú?”

“Ẹ ò kú, Ìyá Àgbà.”

“Àwọn tòkè ló ń pe ènìyàn. Ọdún tí Basile lọ, ẹ fi falẹ̀, àga rẹ̀ ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹ tó mú Gontran wá. Ta ni wọ́n wá mú? Léonie. Ojú mi ló ṣe.” Ó rọra gbé ife kalẹ̀. “Zélie, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Inú ń bí ọ nítorí pé olú náà kọ̀ ọ́. O ò fẹ́ kí ó gba ọmọ rẹ.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó kan egungun, nítorí fún ọdún tó pọ̀ ni Zélie ti ń gbàdúrà pé kí tábìlì yẹn gba Odile, kí ẹnìkan nínú ilé òun lè di ọmọ òkè gidi. Ó wo ọmọ náà níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Ó mọ̀ pé bí òun bá tìlẹ̀kùn, yóò gba ojú fèrèsé jáde.

“Ó dáa,” ni Zélie wí. “Èmi ni màá jókòó.”

Anselme bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ bàtà tó ti gbó!”

“Àga ọkọ mi ni. Ṣé kì í ṣe ti ìyàwó kí ó tó di ti ọmọ?”

Anselme wo Séraphie. Séraphie ronú títí, ó ní ẹ̀tọ́ ni, bí ara bá gbà á. Odile ti dìde, ẹ̀jẹ̀ ti kún ojú rẹ̀.

“Ẹ máa bì, Mọ́mì! Ẹ mọ̀ pé ẹ máa bì. Tí ẹ bá sì bì, èmi ni. Ẹ ṣèlérí.”

Zélie ṣèlérí. Kí ni ìbá ṣe?

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi àga onítáyà ti Firmin dé ibẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ àtijọ́, Zélie sì jókòó sórí rẹ̀. Odile dúró létí ògiri. Wọ́n ti fèrèsé, ooru ìkòkò rọ̀ mọ́ gíláàsì, Anselme sì bu àwo rẹ̀ kún títí etí.

Ó dùn. Ọlọ́run mi, ó dùn. Ó ti ń retí ìyà, kò retí adùn. Ó rọ̀ bí ọkàn ẹran, ó ń ta bí èéfín igi tútù, lẹ́ẹ̀kan náà ló yé e ìdí tí àgbàlagbà fi lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí àwo oúnjẹ. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi búrẹ́dì nu àwo, bó ṣe rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Gbogbo wọn ń wo ọ̀fun rẹ̀.

Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Òógùn kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ilé ń yí. Ikùn rẹ̀ dìde bí ẹran tí wọ́n so, ó wá dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ kún. Ó wo Odile létí ògiri. Ọmọ náà ti tú bọ́tìnì ọrùn aṣọ rẹ̀, ó ti ń múra. Zélie di eyín, ó gbé e mì padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún dìde, ó tún gbé e mì. Gontran yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè wò ó mọ́.

Àárín ìyẹn ni wọ́n gbọ́ fọ́ọ̀kì.

Kì í ṣe tiwọn, tiwọn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láti òde ni, láti apá igbó, fọ́ọ̀kì ń kan àwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń bọ̀, ó ń sún mọ́. Ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà dìde, ó lọ. Séraphie fi àmì àgbélébùú ya ara rẹ̀. Ìró náà dé ẹ̀yìn ògiri gan-an, ó dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí. Firmin bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbọnrangbọnran, ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ láàrin ẹ̀rín náà bí ẹni tó wà nínú kànga. Zélie fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí àga mú. “Ẹnìkan ti jókòó síbí,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “Ẹ máa lọ. Ẹnìkan ti jókòó síbí.”

Wọ́n gbọ́ tí yìnyín òrùlé yọ̀ kalẹ̀ gbàà. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó ṣe, agogo ọrùn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí dún ní ìsàlẹ̀, àkókò àtifún wàrà ti tó. Séraphie fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ara rẹ̀ gbà á!” Wọ́n pariwo. Anselme gbé e sókè tàga tàga, ó fi ẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń pè é ní arábìnrin mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí: inú Zélie dùn. Fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́ kíkorò lẹ́nu, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó wọ abúlé. Àga ti kún. Ọmọ rẹ̀ bọ́. Bí olú bá máa mú ẹnìkan, kí ó mú òun, òun ti gbé ayé díẹ̀.

Òun àti Odile ló ti Firmin sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Wọ́n dé ìdí orísun omi. Níbẹ̀ ni Odile dúró, tó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra lójijì.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Inú ló ń bí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe é.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ. “Ó dùn, àbí? Ẹ ti wá mọ̀ báyìí.”

“Ó dùn,” ni Zélie wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ ò ní mọ̀ ọ́n láéláé, mo dúpẹ́.”

“Mọ́mì o! Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.” Odile na ọwọ́ sí èjìká bàbá rẹ̀. “Dádì máa ń gbé tèmi wá. Wọ́n á rẹ búrẹ́dì sínú ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wé e, wọ́n á fi sápò. Tí ẹ bá ti lọ fún wàrà ewúrẹ́ báyìí, wọ́n á fún mi. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, kó má baà dùn yín pé èmi kì í bì. Mi ò bì rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi mọ̀ nìyẹn.”

Zélie yíjú sí Firmin. Ó ti ṣí ẹnu, ahọ́n rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri, omijé ń dà. Ohun tó jáde ni ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ìtọ́ fi ń ṣàn sí àyà rẹ̀, Zélie kò sì lè gbá a létí, kò lè bú u, nítorí ìfẹ́ ni ọkùnrin náà fi ṣe é. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

“Láti ìgbà wo?”

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Odile gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí na ìka láti àtàńpàkò, ó ń ka àwọn ọdún náà. “Ọdún tí mo wọ iléèwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún tí yìnyín pọ̀ yẹn…”

Zélie kò gbọ́ iye rẹ̀. Àwọn ìka ló ń wò, bóyá gbogbo wọn ń dìde bó ṣe yẹ. Ìka kẹrin lọ́ra díẹ̀ kó tó nà. Ìka kẹrin gbogbo ènìyàn ló máa ń lọ́ra. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó dì í, ó na ìka kẹrin láti fi wé e, kò sì rántí mọ́ bó ṣe máa ń yá tó tẹ́lẹ̀.